Lẹ́tà Opó Kan Láti Dakar

Ìwé tí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa yàn kà ní oṣù yìí ni So Long a Letter. Mariama Bâ, obìnrin olùkọ́ ará Sẹ̀nẹ̀gà, ni ó kọ ọ́ ní èdè Faransé ní 1979. Modupé Bodé-Thomas sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1981. Òun ni ìwé tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Noma tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, ní 1980. Ìwé tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó dá sílẹ̀ láàárín wa kò tíì rọlẹ̀.

Ramatoulaye, olùkọ́ àti ìyá ọmọ méjìlá, ń ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìmàle ti là á sílẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọdún 25 ni òun àti Modou ti jọ gbé kí ọkùnrin náà tó lọ fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ Daba ọmọ wọn.

Ibi tí ìwé yìí gbé dùn, ó dùn dé egungun. Ẹ wo bí wọ́n ti wá túfọ̀ ìyàwó tuntun fún ìyálé! Lẹ́mọ́mù, pẹ̀lú Tamsir arákùnrin ọkọ àti Mawdo ọ̀rẹ́ ọkọ, ń yí ọ̀rọ̀ kádàrá síhìn-ín sọ́hùn-ún kí wọ́n tó là á pé Modou ti gbé ìyàwó ní ọjọ́ náà gan-an. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n rí ìbànújẹ́ òun rò nílé. Nígbà tí Modou kú tí ogójì ọjọ́ pé, Tamsir yìí kan náà tún dé láti ṣú u lópó, láìbi í bí ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ohun tí ó ti ń gbé mì fún ọgbọ̀n ọdún ni ó pọ̀ lé e lórí!

Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí èyí bo àléébù mọ́lẹ̀. Mawdo ni ọkọ tí Aissatou kọ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ Ramatoulaye ń ròyìn fún Aissatou bí Mawdo ti gbé orogún lé e lórí. Ta ni kò mọ̀ nínú wọn? Nígbà tí òun àti Daouda Dieng sì ń jíròrò lórí obìnrin ní ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ó jọ ìwàásù.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹgbẹ́ wa bínú pé Ramatoulaye kò jáde bí Aissatou, ẹni tí ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, tí ó di ògbufọ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ikọ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ní Washington. Àwọn ìyá fèsì pé ọmọ méjìlá kì í ṣe ẹrù tí a ń dì sórí. Lójú tiwa, ẹni tí ó kọ Tamsir, tí ó sì tún kọ Daouda tí ó lówó tí ó sì níwà, kì í ṣe ojo.

Binetou ni ó ká wa lára jù. Modou mú un kúrò nílé ìwé, ó ń san 50,000 faranki fún un lóṣooṣù bí ẹni ń sanwó iṣẹ́. Ó fi ilé tí òun àti ìyálé jọ fi owó ìpamọ́ rà dógò láti ra ilé fún un. Ìyá ọmọ náà gbádùn, ó dé Mẹ́kà. Ramatoulaye mọ̀ pé wọ́n fi ọmọ náà ra ọlá ni, síbẹ̀ ìwọ̀nba ohun tí Binetou sọ, ẹnu Daba ni a ti gbọ́ ọ. A ì bá fẹ́ ka lẹ́tà tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Mariama Bâ kú ní 1981, ìwé kejì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún náà sì dá lórí obìnrin Faransé kan tí ó fẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.