Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ìtanràn

Ní ọdún 1914, ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́ ojú omi dá ẹgbẹ́ United States Power Squadrons sílẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń gbòde nígbà náà. Olówó lè rà á lónìí, kí ó sì wà á lọ́la láìmọ ìwà omi. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ti ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, láìgba owó iṣẹ́.

Àṣà wọn tí ó wuyì jù lọ ni àyẹ̀wò ọkọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá pè wọ́n, ẹnì kan nínú wọn yóò wo iná, fèrè àti ohun èlò panápaná, yóò sì ka ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó. Bí ọkọ̀ bá yege, wọn a lẹ àmì mọ́ ọn. Bí kò bá yege, kò sí ìtanràn, kò sí ẹjọ́. Wọn a kàn sọ ohun tí ó kù. Ta ni ìbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ẹni tí yóò bu owó lé e lórí?

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀wù wà nínú ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó wà lọ́rùn. Ní ọdún 2023, ènìyàn 564 ni jàǹbá ọkọ̀ afẹ́ pa ní Amẹ́ríkà. Omi ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó rì, bíi 87 ni kò wọ ẹ̀wù náà. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́ tí wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn tí ọ̀ràn yìí ká lára a wọ ẹ̀wù náà lọ sí ibi iṣẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín lè béèrè ìdí.