Gbígbẹ́sẹ̀ lé Dúkìá Ará-Ìlú àti Ẹ̀tọ́ láti Fi Ẹ̀hónú Hàn

Ìfáàrà

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe amòfin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a fi ń kọ òfin, ẹni tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ṣe lè bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ òfin ń ṣe fún ènìyàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: bí ìjọba bá ti àkáǹtì ẹni tí ó ń wọ́de pa, kí ni ó kù nínú ẹ̀tọ́ ìwọ́de tí ìwé-òfin fún un? Èrò tèmi ni pé ìjọba lè ní ìdí pàtàkì láti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é tí kò sì tètè gbọ́ tẹnu ẹni tí ó ni dúkìá, ìjìyà ti ṣáájú ìdájọ́. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ ẹni tí ó ń bá ìjọba wí, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí “gbẹ́sẹ̀ lé” ń sọ

Èdè wa kò fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ẹsẹ̀ alágbára ni a gbé lé ohun-ìní ẹlòmíràn. Orúkọ olóhun ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fà á yọ. Àwọn baba wa ní àmì kan tí ó jọ ọ́, èyí ni ààlè. Olóko a máa so àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ohun tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó ni nǹkan ni ó ń pa ààlè lé e, olè ni ó sì ń fi í kìlọ̀ fún. Nínú gbígbẹ́sẹ̀ lé, ẹlòmíràn ni ó pa ààlè, olóhun gan-an ni a sì ń lé sẹ́yìn.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a rí àpèjúwe ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó ti onígbèsè. A jókòó sí ilé onígbèsè, a pariwo, a sì máa pa adìyẹ ilé jẹ títí wọn yóò fi san owó. Ìyà ni èyí; n kò ní í pè é ní ohun rere. Síbẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó ń rí ológò, àgbà sì lè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ológò òde òní kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ìwé ni a ń fi ránṣẹ́ sí báńkì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè má mọ̀ títí di ìgbà tí ó bá fẹ́ san owó oògùn ọmọ rẹ̀.

Ẹjọ́ Lákànmí

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ wa. Ní 1967, ìjọba ológun ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin láti wádìí dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí pàṣẹ pé Lákànmí àti ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ta dúkìá wọn, àti pé kí àwọn ayálégbé wọn máa san owó ilé sínú àpò ìjọba. Ìwọ́de kọ́ ni ó fa ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni tiwa lónìí. Nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn ní 1968 láti fi ìdí àwọn àṣẹ náà múlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ìdájọ́ ni ìjọba fi aṣọ òfin bò, nítorí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba ológun ṣe òfin kẹta, wọ́n sì sọ ìdájọ́ náà di asán.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé alágbára kì í fẹ́ kí a bi òun léèrè nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wà lórí nǹkan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi í kí ẹsẹ̀ náà tó balẹ̀.

Oṣù kẹwàá 2020

Ìwé-òfin 1999 ti rọ́pò òfin ológun. Abala 36 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Abala 40 fún un ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní ìrọ̀rùn. Abala 44 dáàbò bo dúkìá rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 44 yìí kan náà gbà pé a lè mú dúkìá fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwádìí. Ojú ihò yìí ni ọ̀rọ̀ gbà wọlé.

Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ wọ́de káàkiri Nàìjíríà lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a dá sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Ìwọ́de ń fẹ́ oúnjẹ, omi, ìtọ́jú fún ẹni tí ó fara pa, àti agbẹjọ́rò fún ẹni tí a tì mọ́lé. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Àwọn ènìyàn dá owó jọ nílé àti lókè òkun. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń kígbe pé báńkì ti ti àkáǹtì àwọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fọwọ́ sí i pé kí a ti àkáǹtì ènìyàn 19 àti ilé-iṣẹ́ kan pa fún ọjọ́ 90. Báńkì àgbà ilẹ̀ wa ni ó bèèrè àṣẹ náà. Ó ní owó náà lè ní í ṣe pẹ̀lú agbésùnmọ̀mí, òun sì fẹ́ ṣe ìwádìí. Àwọn tí a fẹ̀sùn kàn kò sí ní ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2021, lẹ́yìn tí ìhà méjèèjì ti fẹnu kò, ilé-ẹjọ́ ká àṣẹ rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ 98 ti kọjá, ẹjọ́ náà sì parí láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ̀ pé àwọn amòfin yóò ní bí a bá ti kéde fún olè, owó yóò ti fò lọ kí a tó dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí yẹn lè gbé àṣẹ ọjọ́ díẹ̀ ró. Kò lè gbé ti oṣù mẹ́ta ró.

Ti Kánádà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn dí ìgboro Ottawa, olú-ìlú Kánádà, nítorí òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Ariwo fèrè ọkọ̀ kò jẹ́ kí ará àdúgbò sùn. Wọ́n sì dí ẹnubodè níbòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ìjọba lo òfin pàjáwìrì ti 1988 fún ìgbà àkọ́kọ́. Báńkì gba agbára láti ti àkáǹtì láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́. Àkáǹtì bí 280 ni a tì, owó inú wọn sì tó mílíọ̀nù dọ́là 8. Ọjọ́ 9 ni òfin náà fi ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ó jábọ̀ ní 2023 gbà pé ìjọba ní ìdí tí ó tó, ṣùgbọ́n ó bu ẹnu àtẹ́ lu àìsí ọ̀nà tí ó dájú láti tú àkáǹtì sílẹ̀. Ní 2024, adájọ́ kan dá a pé lílo òfin náà kò tọ́, àti pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lójú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí àwọn ènìyàn Ottawa ń bèèrè yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí títì àkáǹtì ti ọ̀kan lè má fẹ́ràn títì ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí òfin kò fi gbọdọ̀ wo ojú ẹni tí ń wọ́de. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí adájọ́ sọ̀rọ̀ kí báńkì tó ti ilẹ̀kùn. Bí a bá gba àṣẹ láìsí ẹnìkejì níbẹ̀, kí a pè é wá rojọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí a fi owó oúnjẹ, ilé àti oògùn sílẹ̀ fún un, nítorí ọmọ àti aya kò sí lára ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe ka owó tí ènìyàn dá fún ìwọ́de sí ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn. Ẹni tí a fún láyè láti rìn lójú pópó, tí a sì gba owó omi àti owó agbẹjọ́rò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ orí ìwé lásán ni a fún un.