OJÚ TÓ GUN ÒKÈ WO ILẸ̀ WA: ÌTÀN NIGERIASAT-1

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, orílẹ̀-èdè wa rán ojú kan lọ sí ibi tó ga ju orí igi lọ, nǹkan bí kìlómítà 686 sí ilẹ̀. NigeriaSat-1 ni orúkọ rẹ̀.

Bí a bá sọ pé awò kan ń yí ayé po lókè, Hubble tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ ní 1990 ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ìràwọ̀ ni Hubble ń wò ní tirẹ̀. Ní 1995, ó tẹjú mọ́ ibì kan tó dà bí òfìfo lójú ọ̀run fún ọjọ́ 10, ó sì rí nǹkan bí 3,000 agbo ìràwọ̀ níbẹ̀. Ti NigeriaSat-1 yàtọ̀: ilẹ̀ ni a ní kó máa wò.

Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NASRDA sílẹ̀ ní Abuja láti bójú tó irú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ SSTL ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe sátẹ́láìtì náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé e láti Plesetsk. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ.

Báwo ló ṣe ń ríran? Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà rẹ̀ ń gbà: aláwọ̀ ewé, pupa, àti ọ̀kan tó wà lẹ́yìn pupa tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ewé tútù a máa dá ìkẹta yìí padà gan-an, ti ewé tó ń gbẹ kò tó bẹ́ẹ̀, omi a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nípa báyìí, a ó mọ oko tó ń gbẹ, igbó tí wọ́n ti gé, àti ibi tí omi ti kọjá ààyè rẹ̀. Tóótó kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà dúró fún mítà 32 níbùú lóòró. Tóótó bíi 7 péré ni pápá bọ́ọ̀lù kan. Nítorí náà, kò lè rí ẹni tó ń sá kíláàsì! Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fẹ̀ ju kìlómítà 600 lọ ló ń rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún 5 ni wọ́n dá fún un, ó sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Algeria, Turkey àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jọ ń ya àwòrán ibi tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e: NigeriaSat-2, tó lè rí ohun tó fẹ̀ ní mítà 2.5, àti NigeriaSat-X, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn tò ní Surrey. Ní 2017, FUTA ní Àkúrẹ́ àti àwọn ará Japan gbé NigeriaEduSat-1 jáde, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Àwọn kan ń bi wá pé: ebi ń pa ìlú, kí ni a fẹ́ fi sátẹ́láìtì ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ní ìpínlẹ̀ Niger wa níbí, ní òpin oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, omíyalé ya wọ Mokwa, ẹni tó lé ní 150 sì bá a lọ. Sátẹ́láìtì kì í dá omi dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwòrán ọdún dé ọdún jọ, a ó rí ọ̀nà tí omi ń gbà àti bí ilé ṣe ń sún mọ́ ọn, kí òjò tó dé. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ ka àwòrán náà, kó gbé e lọ sí káńsù, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Òwe àgbà kò tíì yẹ̀. Ọmọdé ti gun òkè, àmọ́ ìríran gan-an ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó mọ ohun tó ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n, iṣẹ́ àgbẹ̀, jọ́gíráfì àti ẹ̀rọ láàárín wa, ìjókòó yẹn ń dúró dè yín.