Ìyára, Pípín àti Àlàfo: Ohun tí Ìkarahun Ìsàlẹ̀ Òkun lè Kọ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

1. Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé èdè lè wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó yí padà lójijì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá ayé àtijọ́ ni a ti yá àbá yìí. Niles Eldredge àti Stephen Jay Gould ló gbé e jáde ní 1972, R. M. W. Dixon sì fi ṣàlàyé ìtàn èdè nínú ìwé rẹ̀ ti 1997. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ padà sí orísun àbá náà. Àpẹẹrẹ mi ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun. Èrò mi ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń pò pọ̀ nígbà tí a bá ní ìyípadà kan ṣẹlẹ̀ “lójijì”: ìyára, pípín, àti àlàfo inú àkọsílẹ̀.

2. Àkọsílẹ̀ inú ẹrẹ̀

Foraminifera jẹ́ ẹ̀dá tí ara wọn kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Àwọn kan lára wọn jẹ́ plankton, ìyẹn ni pé wọ́n ń léfòó nínú omi òkun, ìṣàn omi sì ń gbé wọn kiri. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan. Ohun tí ìkarahun wọn fi ṣe kò yàtọ̀ sí ti ìgbín. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun náà á rì lọ sí ìsàlẹ̀, á sì bọ́ sórí ti àwọn tó ti kú ṣáájú. Ní agbami, ẹrẹ̀ tó ń kó jọ báyìí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tó bá lu ihò sínú ẹrẹ̀ yìí, tó sì fà á jáde ní gígùn bí ọ̀pá, yóò rí ìran lórí ìran: àgbà nísàlẹ̀, àbúrò lókè. Láti 1968 sí 1983, ọkọ̀ Glomar Challenger ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ òkun ayé.

Charles Darwin ti ṣàròyé ní 1859 pé àkọsílẹ̀ inú òkúta kún fún àlàfo. Ẹrẹ̀ agbami kò bọ́ lọ́wọ́ àlàfo pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tó tọ́jú pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òkúta orí ilẹ̀ lọ.

3. Ìtàn ìdílé kan

Ní 1983, Björn Malmgren, William Berggren àti G. P. Lohmann tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Globorotalia tumida. Wọ́n lo ẹrẹ̀ tí a fà jáde nínú Òkun Íńdíà, wọ́n sì wọn ìrísí ìkarahun láti ìpele dé ìpele, fún nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá. Fún ìgbà pípẹ́, ìkarahun baba ńlá rẹ̀, Globorotalia plesiotumida, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láàárín mílíọ̀nù 5.6 sí mílíọ̀nù 5 ọdún sẹ́yìn, ìrísí náà yí títí ó fi di ti tumida. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyípadà tún dẹwọ́.

Kókó méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, àwọn ìkarahun tí ìrísí wọn wà láàárín ti àtijọ́ àti ti tuntun wà nínú àwọn ìpele náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àní níbi tí ìyípadà ti yára jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìpele kan péré la yẹ̀ wò nínú mílíọ̀nù ọdún kan, ohun tó gba 600,000 ọdún ìbá jọ ìfò. Èkejì, ìdílé náà kò pín sí méjì. Gbogbo rẹ̀ ló yí pọ̀. Eldredge àti Gould ti so ìyára mọ́ pípín. Níbí, ìyára wà, pípín kò sí.

4. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

Ní 2008, Quentin Atkinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí ọ̀rọ̀ àwọn èdè Bantu, Indo-European àti Austronesian. Wọ́n ní ìdá 10 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àwọn èdè náà ṣẹlẹ̀ kíákíá nígbà tí èdè pín. Àbájáde pàtàkì ni, ṣùgbọ́n tumida rán wa létí pé ìbéèrè méjì ni ìyára àti pípín. Èdè lè yára yí láìpín. Ẹ̀ka-èdè méjì sì lè pín láìtíì yàtọ̀ púpọ̀.

Ní ti àlàfo, ẹ jẹ́ kí a wo ilé àti ulé. Àwọn kan ń pe ti àkọ́kọ́, àwọn Èkìtì ń pe ti èkejì. Méjèèjì wà láàyè lónìí. Ọ̀kan kò sí lábẹ́ èkejì. Wíwò lásán kò lè sọ èwo ló ṣáájú fún wa. Bákan náà ni ẹ̀ka-èdè Kétu, Ṣábẹ, Ìdáàṣà àti Ifẹ̀ ti Tógò: ojú ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí Koelle kó jọ ní Freetown, tó tẹ̀ jáde ní 1854, wà lára ìpele díẹ̀ tí a ní. Wọn kò tíì pé igba ọdún.

Àfiwé yìí ní ààlà. Ìkarahun kì í yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ń yá. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ lè ti inú Gùn tàbí Faransé wọlé láàárín ìgbésí ayé ẹnì kan. Síbẹ̀, ìkarahun tuntun náà lè ṣàn wá láti omi mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ibòmíràn wò kí wọ́n tó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó yẹ kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kí a tó kọ “lójijì” sínú iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé ó yára ni, àbí ìpele kan ló sọnù? Ṣé èdè pín? Ṣé ibí ni ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tó sì kàn mí jù gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kò sí ẹrẹ̀ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu fún wa. Bí a bá gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ láìkọ ọdún, abúlé àti ọjọ́ orí rẹ̀, ìkarahun tí kò ní ìpele la kó jọ. Bí a bá kọ wọ́n, a ti fi ìpele kan lélẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.