Ẹ̀rọ Tí A Fi Pamọ́ Sára Kẹ̀kẹ́ Nítorí Olè

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni a mú wá. Ẹni tí olè bá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ létí oko, orí ni yóò fi ru iṣu dé ọjà. Ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo dára, ṣùgbọ́n ayùn irin a máa gé wọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ẹ̀rọ kékeré pamọ́ sára kẹ̀kẹ́, kí ó lè sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Ẹ̀rọ náà ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì GPS tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Bí ó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó mọ ibi tí òun wà. Síìmù inú rẹ̀ yóò wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Ibi tí a ó fi í pamọ́ sí gan-an ni wàhálà wà. Inú irin gbọọrọ tí ó gbé ìjókòó dúró ni ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ, nítorí olè kò ní rí i níbẹ̀. Sátẹ́láìtì náà kò ní rí i! Irin kì í jẹ́ kí àmì kọjá. Ẹ ṣáà mọ bí rédíò ṣe máa ń kùn nígbà mìíràn lábẹ́ òrùlé páànù. Abẹ́ ìjókòó aláwọ tàbí onírọ́bà sàn jù, bí kò bá sí páànù irin nínú rẹ̀. Inú iná ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ike náà dára. Bátìrì nìkan ni ó lè wà nínú irin, kí wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀.

Bátìrì ọ̀hún ńkọ́? Ká ní 1,200 mAh ni wọ́n kọ sára rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń mu 30 mA láìsinmi, wákàtí 40 péré ni yóò lò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa sùn, kí ṣùíìṣì kékeré kan tí ń mọ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá mì máa jí i. Bí ó bá ń mu 0.5 mA lójú oorun, ìṣirò fún wa ní ọjọ́ 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjí àti ríránṣẹ́ yóò dín in kù. Kí ó má tètè jí jù o: ewúrẹ́ tó bá fara kan kẹ̀kẹ́ kò yẹ kó dà yín láàmú lóru. Kí mímì náà tó ìdajì ìṣẹ́jú kí ó tó ké sí yín.

Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yóò dákẹ́. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tò ó pé kí ó ṣe é kí ó lè tọ́jú iṣẹ́ náà títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Ẹ fi gáàmù dí gbogbo ihò ara rẹ̀ nítorí òjò. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé, ẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹ má dá lépa olè wọ igbó.