Ara Tí A Ní Ni Kí A Fi Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá gba àárín Ọjà Tuntun ní Ìlọrin kọjá, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ti ń pe oníbàárà. Ẹni tó sanra ni "Orobó", ẹni tó tín-ín-rín ni "Lẹ́pa". Àwàdà ni lẹ́nu ẹni tó pè é, ṣùgbọ́n a mọ àwọn tí orúkọ náà ń bá délé. A mọ àwọn ọ̀dọ́bìnrin olóhùn dídùn tí wọn kò jẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin nítorí bí ara wọn ti rí. A mọ àwọn ìyá tí ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, ojú ń tì mí."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún wọn: ara tí a ní yìí náà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Mariam Usman, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé irin. Ìsọ̀rí àwọn obìnrin tó wúwo ju kílò 75 lọ ló ti díje. Ara tí ẹlòmíràn ì bá fi ṣẹ̀sín ló fi ṣiṣẹ́. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing ní 2008, ipò karùn-ún ló wà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n rí i pé méjì nínú àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ lo oògùn tí òfin kọ̀, àmì-ẹ̀yẹ ipò kẹta sì di tirẹ̀. Ní 2014, ó gba wúrà ní ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Glasgow. Kò dúró kó di lẹ́pa kó tó mọ̀ pé agbára wà nínú òun.

A kò ní kí gbogbo wa máa gbé irin. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó ń gbé ní Bàbókò lè fẹsẹ̀ rìn wá sí Ọjà Tuntun dípò ọ̀kadà. Kó yá ẹsẹ̀ débi pé yóò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ lè dìde lórí àpótí, kó tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí oníbàárà mìíràn tó dé. Ẹni tí orúnkún ń dùn, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

A kò sọ pé àsanjù kò léwu. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá a máa mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, a sì máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé: ǹjẹ́ mo lè gun àtẹ̀gùn ju ti oṣù tó kọjá lọ? Ǹjẹ́ mo lè gbé ẹrù mi láìmí hẹlẹ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkàn á balẹ̀, ìtìjú á sì bẹ̀rẹ̀ sí kúrò.

Àwọn kan a máa rán wa létí pé Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé èrè díẹ̀ ló wà nínú eré ìdárayá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn ọlọ́jà wa tó ń da èrè díẹ̀ nù?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi ara ìyàwó yín ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ẹ bá a rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bú ara yín níwájú dígí lójú ọmọbìnrin yín, nítorí ohun tó bá gbọ́ ni yóò máa sọ sí ara tirẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.