Àáró Láàárín Ẹ̀rọ: Fífi Ètò Pínpín Fáìlì Sórí Kọ̀ǹpútà



Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ gbogbo àwọn tí ó wá; bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í ká a. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀: mo bá ọ roko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀nà méjì yìí náà ni fáìlì ń gbà rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àáró ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Napster, tí ó jáde ní 1999, dà bí àáró, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni ìwé orúkọ gbogbo fáìlì wà. Nígbà tí àṣẹ ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà mú kí wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 2001, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè gba orúkọ Ọlábísí Ọnàbáńjọ, ni Bram Cohen gbé BitTorrent jáde. Ètò yìí a máa gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, a sì máa fi àmì sí ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó gbà á lè mọ̀ bí ó bá ti bàjẹ́ lọ́nà. Bí o ti ń dúró de ègé kẹsàn-án, ìwọ náà ń fún ẹlòmíràn ní ègé kẹta. Nítorí náà, bí àwọn tí ń wá fáìlì ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tí yóò pèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Fífi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà kò le. Ọ̀fẹ́ ni qBittorrent àti Transmission. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe wọ́n gan-an ni kí a ti gbà wọ́n. Títò ó ni ó gba làákàyè, nítorí ẹni tí ń gbà ni ẹni tí ń fúnni, ó sì yẹ kí ó mọ ohun tí ń jáde nílé rẹ̀. Ní oṣù keje 2007, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀ràn àwọn tí ó fi irú ètò bíi LimeWire ṣí ìwé owó-orí àti ìwé ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìmọ̀. Fólídà tí wọ́n yàn fún pínpín ni ó fà á. Ẹ ya fólídà kan sọ́tọ̀, kí ẹ má sì kó ìwé ilé sínú rẹ̀. Iṣẹ́ olórin tàbí òǹkọ̀wé tí kò yọ̀ǹda rẹ̀ kò sí lára ohun tí a lè pín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 wà ní Nàìjíríà.

Ẹ díwọ̀n ohun tí ń jáde, nítorí dátà tí a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dín in kù jù: ẹni tí ó bá ń fúnni ni ètò náà máa ń kọ́kọ́ fún. Ahun a máa pẹ́ nídìí ẹ̀.

Fún àwọn tí ó mọ ara wọn, Syncthing tí ó jáde ní 2013 ni mo fẹ́ràn jù. Yunifásítì wa ní ẹ̀ka ní Àgọ́-Ìwòyè, Ṣàgámù, Ìbógùn àti Ayétòrò. Ìwúlò rẹ̀ hàn gbangba. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ gígùn. Àyàfi bí ẹ̀rọ méjèèjì bá tẹ́wọ́ gba nọ́ńbà ara wọn ni wọn yóò tó lè pín nǹkan. Bí wọ́n bá wà nínú ọ́fíìsì kan, lórí ráútà kan, wọn kò ní í jẹ dátà rárá. Àmọ́ ohun tí o bá pa rẹ́ ní ibì kan yóò pa rẹ́ níbi gbogbo. Fún ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ olùkọ́ máa fi ránṣẹ́ nìkan, kí ti akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà nìkan, kí ẹ sì sọ fún ètò náà kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ kí ó tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀.